Bí A Ṣe Ń Gbèjà Igún: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Polongo ní Ìlú Rẹ̀

Ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún, tó sì dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá, kò nílò kí wọ́n júwe igún fún òun. Wọ́n máa ń tò sórí páànù ibi ìpẹran láàárọ̀, tí wọ́n á máa retí ohun tí alápatà máa jù nù. Wọ́n wà lórí àkìtàn, wọ́n wà lórí igi àràbà lẹ́yìn ọjà. Lónìí, ọmọ lè ka ìwé mẹ́fà jáde kó má tíì fojú kan ẹyọ kan. Ní ọdún 2015, àjọ IUCN, tó ń díwọ̀n ewu tó wà lórí ẹranko àti ewéko lágbàáyé, gbé igún kékeré tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, èyí tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí irun múlọ́múlọ́ sì bo ẹ̀yìn orí rẹ̀ dé ọrùn, sí ìpele tó kángun sí àkúrun.

Ẹni tí mo kọ èyí fún kì í ṣe onímọ̀ nípa ẹyẹ. Kò ní àjọ, owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìlú tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀pọ̀ ìpolongo nípa ẹranko ní ilẹ̀ wa kì í so èso nítorí pé ibi tó rọrùn ni wọ́n ń gbé e lọ. Wọ́n á kó àwọn ọmọ ilé-ìwé jọ, wọ́n á pín fìlà àti ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Ọmọ ilé-ìwé kọ́ ló ń ra orí igún. Ẹni tó ń tà á, ẹni tó ń ní kí aláìsàn lọ wá a wá, ẹni tó ń pa á, àti ẹni tó lè fi òfin dè é: àwọn wọ̀nyí ni ká lọ bá. Ká lọ bá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká sì mọ ohun tí à ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan kí a tó kúrò nílé.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Mọ ohun tó ń pa igún

Tí ẹ bá sọ pé "àwọn èèyàn ń pa ẹranko wa run", ẹnikẹ́ni kò ní jiyàn, ẹnikẹ́ni kò sì ní ṣe nǹkan kan. Ẹ mọ okùnfà rẹ̀ gan-an. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 nípa igún káàkiri Áfíríkà rí i pé nínú gbogbo ikú igún tí wọ́n ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, májèlé ló fa ìdá 61 nínú 100, ìdá 29 sì jẹ́ ti àwọn tí wọ́n pa tà fún oògùn. Ní apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tiwa, ọ̀rọ̀ méjèèjì sábà máa ń pàdé: májèlé ni wọ́n fi ń pa èyí tí wọ́n fẹ́ tà. Wọ́n á fi oró sínú ẹran, wọ́n á gbé e sílẹ̀, gbogbo agbo igún tó bá bà sí i á kú síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Guinea-Bissau ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 nìyẹn. Igún tó lé ní 2,000 ló kú ní agbègbè Bafatá àti Gabú, wọ́n sì ti gé orí àwọn kan lọ nínú wọn. Irú igún yìí kì í yé ju ẹyin kan lọ lọ́dún. Ẹ fi ìyẹn wé iye tó kú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, ẹ ó rí i pé gbèsè tí ìran kan kò lè san tán ni.

Àwọn olùwádìí mìíràn tó yẹ àwọn ọjà 67 wò ní orílẹ̀-èdè 12 ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà láàárín 1990 sí 2013 ka òkú ẹyẹ apẹran 2,646 lórí àtẹ. Igún kékeré yìí àti àwòdì nìkan kó ìdá 41 nínú 100 gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rà á fún kò ṣàjèjì sí wa: oríire, ààbò, títajà, rírí ohun tó ń bọ̀ níwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀mí gígùn, nítorí àwọn àgbà ti ní gúnnugún kì í kú léwe.

Ẹ tún mọ ohun tí igún ń ṣe fún wa, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín nìyẹn: "Kí ni ẹyẹ burúkú yìí wúlò fún?" Ìdáhùn tó dára jù lọ tí mo mọ̀ wá láti Íńdíà. Láàárín 1992 sí 2007, irú igún kan tó pọ̀ lọ jàra níbẹ̀ dín kù ju ìdá 99 nínú 100 lọ. Oògùn ara ríro kan tí wọ́n ń pè ní diclofenac, tí wọ́n ń fún màlúù, ló ń ba kíndìnrín igún tó bá jẹ òkú màlúù náà jẹ́. Òkú ẹran wá kún ilẹ̀, ajá ìgboro pọ̀ sí i, omi bàjẹ́. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì tí ìwádìí wọn jáde ní 2024 fojú bù ú pé nǹkan bí 500,000 èèyàn ló kú láàárín 2000 sí 2005 tí kì bá má kú ká ní igún ṣì wà níbẹ̀. Tí mo bá sọ èyí fún alápatà, ojú rẹ̀ máa ń yí padà, torí òun ló mọ bí òórùn ibi ìpẹran ṣe ń rí tí kò bá sí ẹni tó gbá a.

Apá kejì ìtàn Íńdíà náà wúlò fún ẹni tó ń polongo. Ní 2004 ni wọ́n tẹ ẹ̀rí jáde pé oògùn yẹn ló ń pa igún. Àwọn tó ń gbèjà igún kò wá sọ pé kí ìjọba "dáàbò bo àyíká". Wọ́n ní kí wọ́n fòfin de oògùn kan ṣoṣo fún ẹran ọ̀sìn, nígbà tó sì di 2006, Íńdíà, Nepal àti Pakistan ti fòfin dè é.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ka èyí tó kù ní ìlú yín

Ẹ má gbára lé iye tí wọ́n kà ní ibòmíràn. Káńsẹ́lọ̀ yín fẹ́ mọ ti wọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹ wá ibi tí igún ti lè wà: ibi ìpẹran, àkìtàn ńlá, ọjà màlúù, àwọn igi gíga tí wọ́n ń sùn lé. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, kó jẹ́ ọjọ́ kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ àti àkókò kan náà ní gbogbo ìgbà, kí ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, àkókò, ibi, iye. Bí ẹ kò bá rí ẹyọ kan, ẹ kọ òdo sílẹ̀. Òdo náà lẹ́nu.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má ka ẹyẹ mìíràn mọ́ igún. Àwòdì máa ń fò lórí ibi ìpẹran bákan náà, ṣùgbọ́n ìrù tirẹ̀ pín sí méjì bí ẹ̀ka igi, irun sì wà lórí rẹ̀. Igún pá níwájú orí, ìrù rẹ̀ kúrú, apá rẹ̀ fẹ̀. Ẹyẹ funfun kan tún wà tí dúdú wà ní ìyẹ́ apá rẹ̀, tó fẹ́ràn àti máa jẹ ẹyìn ọ̀pẹ. Ìbátan igún lòun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun là ń wí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jókòó ti àwọn àgbà alápatà. Ẹ bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń rí nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, ìgbà tí wọ́n dín kù, àti ohun tí wọ́n rò pé ó fà á. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù tí wọ́n bá gbà yín láàyè, nítorí ẹ ó padà lò ó lórí rédíò.

Ẹ má sì jẹ́ kí àkọsílẹ̀ yín kú sínú ìwé. Ètò àwòrán ilẹ̀ àwọn ẹyẹ Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 tí ibùdó ìwádìí ẹyẹ APLORI ní Jos sì wà lára àwọn tó ń ṣe é, máa ń gba ohun tí ará ìlú bá rí wọlé nípasẹ̀ áàpù kan tí wọ́n ń pè ní BirdLasser. Fóònù lásán ti tó fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ka òfin náà fúnra yín

Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn CITES, tó ń darí òwò ẹranko láàárín orílẹ̀-èdè, láti 1974. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1985 láti fi mú àdéhùn náà ṣẹ bu ìtanràn tí kò ju ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ lé ẹni tó bá kọ́kọ́ rú u, títí kan ẹranko tí ààbò rẹ̀ le jù lọ. Ẹgbẹ̀rún kan náírà! Wọ́n ṣe àtúnṣe sí i ní 2016, ìtanràn sì lọ sókè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà l'Ábújá fọwọ́ sí àbá òfin tuntun kan fún ààbò àwọn ẹranko tó ń run, nínú èyí tí ìtanràn lè dé mílíọ̀nù 12 náírà, tí ẹ̀wọ̀n sì lè dé ọdún mẹ́wàá. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí i, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí àbá náà dé, bóyá Ààrẹ ti fọwọ́ sí i. Kò sí ohun tó ń ba ẹnu ajàfẹ́tọ̀ọ́ jẹ́ tó bíi kó pe àbá ní òfin.

Àdéhùn míì wà fún àwọn ẹranko tó ń ṣí kiri. Ìpàdé rẹ̀ tó wáyé ní Manila ní 2017 fi irú igún mẹ́wàá, títí kan tiwa yìí, sí àkójọ àwọn tó gbọ́dọ̀ ní ààbò tó ga jù lọ, wọ́n sì gba ètò ọlọ́dún pípẹ́ kan wọlé fún wọn.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin ẹran igbó tirẹ̀, ẹ̀ka tó ń bójú tó igbó ọba, ìyẹn fọ́rẹ́sìrì, ló sì máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ wo àkójọ orúkọ ẹranko tó wà lẹ́yìn ìwé náà bóyá igún wà níbẹ̀, kí ẹ sì wo ìtanràn rẹ̀. Tí kò bá sí, tàbí tí ìtanràn náà kò tó owó ìpápánu, ẹ ti rí ohun tí ẹ máa bá aṣòfin yín sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Yan ohun kan tí ẹ fẹ́

Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó lágbára láti ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí orúkọ kò bá sí níbẹ̀, ẹ kò tíì ní ìbéèrè. Fún àpẹẹrẹ: "Kí àwọn lékuléja ọjà wa má ta ẹ̀yà ara igún mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó ń bọ̀" (Ìyálọ́jà àti olórí lékuléja). "Kí ẹnikẹ́ni má gé àwọn igi tó wà lẹ́yìn ibi ìpẹran, kí a má sì dẹ tàkúté síbẹ̀" (alága káńsù àti bàbá alápatà). "Kí wọ́n fi orúkọ igún sínú òfin ẹran igbó ìpínlẹ̀ wa" (aṣòfin ẹkùn wa).

Ẹ mú ọ̀kan. Tèmi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjà, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ aṣòfin, nítorí tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ aṣòfin pẹ̀lú àdéhùn tí ọjà ti fọwọ́ sí, ẹ kò lọ tọrọ mọ́, iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ gbé lọ fún un pé kó wá jókòó lé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Lọ bá àwọn lékuléja àti àwọn oníṣègùn

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ẹ má gba ẹ̀yìn wọlé, ẹ má sì gbé kámẹ́rà dání. Ọ̀pọ̀ oníròyìn ti wá ya àtẹ wọn, wọ́n sì ti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà lórí afẹ́fẹ́. Wọn kò tíì gbàgbé. Ẹ gba ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà kọjá, pẹ̀lú ẹni tí ọjà mọ̀, kí ó jẹ́ àgbàlagbà. "Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá wa. Ajé á wọ igbá." Kí ẹ sì ra nǹkan, ewé tàbí egbò. Kì í ṣe igún.

Ìpàdé àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìbéèrè nìkan. Ṣé igún ṣì ń wọlé? Láti ibo? Báwo ni owó rẹ̀ ṣe rí sí ti ìgbà tí ìyá yín ń ta ọjà níbí? Ẹ ó rí i pé kò sí ẹni tó mọ̀ pé igún ti ń tán tó àwọn fúnra wọn. Wọn kò sì nílò kí ẹ kọ́ wọn.

Nígbà tí ẹ bá padà lọ, ẹ lè gbé ọ̀rọ̀ yín kalẹ̀. Ohun tó ń wọ̀ wọ́n létí jù lọ, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i, ni ti májèlé. Igún tó wà lórí àtẹ, ta ló mọ ohun tí wọ́n fi pa á? Ẹni tó bá fi ẹran olóró pa á kò ní sọ. Oró yẹn kò sì jáde kúrò lára ẹyẹ náà nítorí pé wọ́n ti sá a sóòrùn. Ẹni tó lọ̀ ọ́, ẹni tó jó o, ẹni tó gbé e mì, gbogbo wọn ló bá a pín. Oníṣègùn tó ní orúkọ kò fẹ́ kí aláìsàn kú sí òun lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti àṣà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Ẹ mú Àràbà ìlú tàbí babaláwo àgbà kan dání, kí òun sọ ọ́. Òun ló lè jókòó láàárín wọn kó sì bi wọ́n pé: àwọn baba wa ṣáà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí, ìgbà wo ló wá di ọjà? Òun náà ló lè rán wọn létí pé àìrí igún, a ò gbọdọ̀ ṣebọ. Igún tó bà sí ìdí ẹbọ ni àmì pé ẹbọ ti dà. Tí a bá pa á tán, ta ni yóò jẹ ẹbọ? Tí ọ̀dọ́ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì àjọ bá sọ ọ̀rọ̀ yìí, ìwọ̀sí ni. Lẹ́nu àgbà awo, ìkìlọ̀ ni.

Fún àwọn olórìṣà, ìtàn kan wà tí wọn kò jẹ́ kó kú ní Kúbà: Ọ̀ṣun ló gbé iṣẹ́ ayé lọ bá Olódùmarè nígbà tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, ooru oòrùn jó ìyẹ́ orí rẹ̀ dànù lójú ọ̀nà, ó sì di igún. Ọ̀ṣun Ìbú Ikolé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, igún sì ni ẹyẹ rẹ̀. Mo ti rí i tí ìtàn yìí mú kí ìyá olórìṣà kan dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ má rò pé àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ nìkan ló ń júwe igún fún èèyàn. Àwọn kan tó ń gbàdúrà nínú ẹ̀sìn mìíràn náà máa ń ní kí oníbàárà lọ wá a wá, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ìpolongo yín dà bí ogun sí ẹ̀sìn kankan. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ó ti bàjẹ́.

Wọ́n á béèrè ohun tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ẹ má dáhùn rẹ̀. Ẹ dá a padà sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn. Àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ti bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí fífi ewé àti egbò rọ́pò ẹ̀yà ara igún, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ẹ kọ̀wé sí wọn ní Lekki pé kí wọ́n ràn yín lọ́wọ́. Ẹ tún rántí pé igún kò ju ohun kan lọ nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ohun tó wà nínú ìsọ̀ lékuléja. Ẹ kò ní kí wọ́n ti ìsọ̀ pa. Ẹ sọ èyí léraléra, torí ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé bí ẹ bá gba igún lónìí, ẹ ó padà wá gba gbogbo rẹ̀ lọ́la.

Tí wọ́n bá gbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí wọ́n kà á sókè, kí wọ́n fọwọ́ sí i tàbí tẹ àtàǹpàkò lé e, kí ẹ̀dà kan wà lọ́dọ̀ Ìyálọ́jà. Kí àdéhùn náà sọ ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n máa fẹjọ́ sùn bí ẹnìkan bá tún tà á. Ẹ má ní kí wọ́n dáná sun èyí tó wà nílẹ̀ níwájú kámẹ́rà. Ẹ má sì fi owó yín ra igún kankan, ì báà jẹ́ òkú, ì báà jẹ́ ààyè tí ẹ fẹ́ tú sílẹ̀: ẹni tó bá tà á fún yín yóò lọ wá òmíràn wá lọ́la.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àwọn ọdẹ àti àwọn alápatà

Ẹ kí Olúọdẹ kí ẹ tó bá ọdẹ kankan sọ̀rọ̀. Ọdẹ tó ń fi ìbọn ṣọdẹ kì í ka ẹni tó ń fi oró pa ẹran sí ọdẹ rárá; ẹ lo ìgbéraga yẹn. Ẹ bẹ àwọn oníjàálá kí wọ́n fi oríkì igún sínú ìjálá wọn ní ọjọ́ ọdún ọdẹ. Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn: kí wọ́n fòfin ẹgbẹ́ de májèlé.

Ti alápatà rọrùn. Àǹfààní igún wà lójú wọn. Kí wọ́n má lé e, kí wọ́n máa ya ìfun tí kò ní oògùn abẹ́rẹ́ nínú sọ́tọ̀ fún un, kí wọ́n sì pè yín bí wọ́n bá rí àjèjì tó ń fi ẹran sílẹ̀ ní ibi tí kò yẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: Gbé e lọ sórí rédíò

Fún ọ̀rọ̀ báyìí, rédíò ṣì ju gbogbo ìkànnì ayélujára lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìyá tó wà nínú ìsọ̀ ń gbọ́ rédíò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ wá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ọjà fẹ́ràn, ẹ má wá èyí tó gbajúmọ̀ jù. Ẹ fún un ní ohùn alápatà àgbà tí ẹ ti gbà sílẹ̀, kí Àràbà tàbí olórí lékuléja sì jẹ́ àlejò orí ètò. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ jókòó sẹ́yìn. Bí ẹ bá rówó díẹ̀, tàbí tí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ yín ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà bá dá a fún yín, ẹ ra ìṣẹ́jú àáyá 30 fún ìpolówó, kí ó máa jáde ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Irú èyí tó:

"Igún kì í jí ẹran ẹnikẹ́ni. Òkú ẹran ló ń gbé mì kó tó di àrùn sí wa lára. Bí wọ́n bá gbé orí igún wá tà fún ẹ, bi wọ́n pé: kí lẹ fi pa á? Májèlé ni! Májèlé tó pa igún kò mọ̀ pé èèyàn ni ẹ́. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún."

Ẹ lo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, tó jẹ́ ọjọ́ igún lágbàáyé. Àwọn oníròyìn máa ń wá ìdí tí ìròyìn fi yẹ ní ọjọ́ kan pàtó, ìdí sì nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Lọ bá aṣòfin

Ẹ mú àkọsílẹ̀ iye igún, àdéhùn ọjà, lẹ́tà Olúọdẹ, àti ẹ̀dà òfin tó wà nílẹ̀. Ẹ tẹ lẹ́tà yín ní ẹ̀dà méjì, kí ọ́fíìsì rẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan pé wọ́n ti gbà á. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, ẹ kò kọ̀wé. Ojú ìwé kan ti tó:

"Sí Ọlọ́lá . . . . . . . . , aṣojú ẹkùn . . . . . . . . ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀.

Àwa tí a fọwọ́ sí ìwé yìí jẹ́ olùdìbò ní ẹkùn yín. A ka igún ní ibi ìpẹran ìlú wa ní oṣù . . . . . . . . , iye tí a rí ni . . . . . . . . Àwọn alápatà ní àwọn máa ń rí i lọ́pọ̀lọpọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn lékuléja ọjà wa ti fọwọ́ sí i pé àwọn kò ní tà á mọ́; ẹ̀dà àdéhùn náà wà nínú ìwé yìí. Ohun kan ṣoṣo là ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí ẹ gbé àbá àtúnṣe wá sí òfin ẹran igbó ìpínlẹ̀ wa, kí orúkọ igún wà níbẹ̀, kí fífi májèlé pa á sì ní ìjìyà tirẹ̀. A óò padà wá gbọ́ èsì yín ní ọjọ́ . . . . . . . ."

Kí ẹ sì padà lọ ní ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá pe ará ìlú wá sọ èrò wọn lórí àbá òfin kan, ẹ fi èrò yín ránṣẹ́ ní kíkọ kí ẹ tó lọ sọ ọ́ lẹ́nu, kí Ìyálọ́jà sì bá yín lọ.

Ó lè pẹ́. Adunni Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tó wá láti Austria, dé Nàìjíríà ní 1950. Òun àti àwọn olórìṣà pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo ló dúró ti igbó Ọ̀ṣun nígbà tí àwọn kan ń gé igi rẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣọdẹ nínú rẹ̀. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì fi igbó náà sí àkójọ tirẹ̀ ní 2005. Hẹ́kítà 75 ni, ìgboro sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká. Tí èèyàn bá dúró nínú rẹ̀ lónìí, tó ń wo ọ̀bọ tó ń fò láti orí igi kan sí òmíràn, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè bóyá ìfọkànsìn àti ìpolongo lè ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ lò ó fún kíkó èèyàn jọ àti fún rírán aṣòfin létí ní gbangba. Ẹ má fi àwòrán lékuléja kankan síbẹ̀. Ẹ má kọ ibi tí ìtẹ́ igún wà, nítorí àwọn tó ń wá orí rẹ̀ náà ní fóònù. Ìwé ìfọwọ́sí orí ayélujára dára, ṣùgbọ́n 200 orúkọ láti wọ́ọ̀dù kan náà ń da oorun rú mọ́ aṣòfin lójú ju 20,000 láti gbogbo ayé lọ.

Bí ẹ bá rí igún tí wọ́n fi májèlé pa

Èyí kì í dúró de ọjọ́ tí ẹ bá múra tán, nítorí náà kí gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ yín mọ̀ ọ́n. Ẹ má fọwọ́ lásán kan òkú ẹyẹ náà tàbí ẹran tó wà nítòsí rẹ̀. Oró kan wà tó ń gba awọ ara wọlé. Ẹ lé ọmọdé, ajá àti adìyẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ibẹ̀ láti òkèèrè àti nítòsí, ẹ kọ àkókò, ẹ ka òkú, ẹ wò bóyá wọ́n ti gé orí èyíkéyìí. Ẹ pe fọ́rẹ́sìrì ìpínlẹ̀ àti NESREA, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, kí ẹ sì jẹ́ kí Nigerian Conservation Foundation gbọ́. Nọ́ńbà wọn ni kó ti wà lórí fóònù yín ṣáájú ọjọ́ náà. Kí ẹnìkan dúró ṣọ́ ibẹ̀ títí wọ́n á fi dé mú àpẹẹrẹ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sun gbogbo òkú náà tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ jinlẹ̀ lójú yín, nítorí igún mìíràn tó bá bà sí i yóò kú bákan náà.